Òjò Tí Kò Kúrò Níbi Tó Wà

Àwọn tó máa ń kọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn, irun orí wọn a ti funfun. Tèmi kò tíì funfun. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, ọdún méje ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ náà tó parí lọ́wọ́ mi ní oṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti ro òwe yẹn títí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé mò ń gbéra ga. Ṣùgbọ́n àkísà kan wà tó jẹ́ tèmi, mo sì mọ bó ṣe ya. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ojú ọjọ́ ṣeé fi ayé ẹni ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tó ti kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún màmá mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Muṣin, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àsọtẹ́lẹ̀ àná? Ta ló fẹ́ fi àsọtẹ́lẹ̀ àná ṣe nǹkan? Ṣé kì í ṣe pé àná ti lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọ́n bú mi o. Ohun tó dùn mí ni pé èmi náà kò tíì rí èsì rẹ̀ nínú ara mi. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo tó jókòó tì wọ́n tí mo ṣàlàyé. Mo ní ètò ìṣirò ńlá kan wà tí à ń pè ní módẹ̀lì. Ó pín gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí igun kéékèèké bí ebè oko, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣírò ohun tí òjò, ooru àti afẹ́fẹ́ máa ṣe lórí ebè kọ̀ọ̀kan, wákàtí dé wákàtí, fún ọjọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ èèyàn a pa ìṣirò náà rẹ́. Àwa kì í pa á rẹ́. A ń tò ó jọ, ọdún lé ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá alásọtẹ́lẹ̀ kan ń sọ òótọ́, àfi kó ní ohun tó sọ lákọsílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ní irinṣẹ́ tó ń wọn ojú ọjọ́. Àwọn olùwádìí tó fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń wọ inú Èkó, tàbí ọ̀nà tí eruku ọyẹ́ ń gbà kọjá, inú àkójọ wa ni wọ́n ń wá a sí.

Màmá mi mi orí. "Ó yé mi wàyí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́rìí sí ẹnu ẹ̀rọ."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo máa ń tètè sunkún, ẹ ó máa rí i bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, owó oṣù náà tó gba yàrá kan ní Yaba. Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ló ní ìtàn. Obìnrin kúkúrú kan ni, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Àǹtí Dókítà. Wọn kì í pariwo. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á nu ún, wọ́n á tún un wọ̀, wọ́n á wá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìbéèrè yẹn le ju ìgbájú lọ.

Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n ya àwòrán òjò kankan. Iṣẹ́ mi ni kí n ka àsọtẹ́lẹ̀ àárọ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n wá gun òkè ilé lọ ní gbogbo wákàtí méjì láti lọ wo sánmà. Mo jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dáa nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, mo wá di ẹni tó ń dúró lórí pẹpẹ sìmẹ́ǹtì tó ń wo ìkùukùu láti apá Ọ̀yìngbò. Ojú ń tì mí. Mo rò pé wọ́n rí i pé n kò mọ nǹkan ni. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá wá sábẹ́ wọn ló ń gun òkè yẹn.

Lóṣù kẹrin, wọ́n fún mi ní iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́: kí n fi iye òjò tí módẹ̀lì sọ fún Surulere ní ọ̀sẹ̀ kan hàn. Mo ṣe é dáadáa, mo fi àwọ̀ sí i, mo gbé e lọ. Nínú àwòrán mi, òjò kékeré ló máa ń rọ̀ láàárọ̀, á pọ̀ sí i lọ́sàn-án, á sì dà bí ìkún omi kí ọjọ́ tó parí. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje.

Àǹtí Dókítà nu awò ojú wọn. "Ṣé Surulere ti wọ inú òkun ni?"

"Rárá, mà."

"Bí garawá bá wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí ẹnì kankan ò dà á nù, báwo lo ṣe máa mọ omi tó wọ inú ẹ̀ láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin?"

"Màá wò ó ní aago mẹ́ta, màá tún wò ó ní mẹ́rin, màá wá yọ èyí àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé módẹ̀lì yẹn kì í da garawá rẹ̀ nù. Gbogbo òjò tó ti rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò ló ń kà papọ̀. Wọ́n tún kọ́ mi pé aago rẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí aago Èkó. Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù lọ ni pé a kì í tún àsọtẹ́lẹ̀ tó kùnà ṣe. Bí módẹ̀lì bá ní ilẹ̀ máa gbẹ, tí omi wá bo gbogbo Costain, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tó ti ṣàṣìṣe ni ibi tí ìmọ̀ wà."

Irinṣẹ́ ìgbà náà kò rọrùn. Inú àwọn àpótí ìrántí pẹlẹbẹ tí à ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà la ń kó gbogbo rẹ̀ sí, a sì ń tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ìwé mímọ́. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí mò ń kó nǹkan wọlé, màá gbé ọwọ́ lé àpótí náà. Mo máa ń gbàdúrà sí àpótí yẹn, mi ò fẹ́ purọ́. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó o sí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì di ibi tí à ń kó agboòrùn sí.

Yàtọ̀ sí módẹ̀lì, Àǹtí Dókítà ní àwọn èèyàn káàkiri tó ń bá wọn wọn òjò. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ike ìwọn-òjò àti ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, kí ó máa kọ iye òjò àti aago tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni ti Muṣin ni Bọ̀ọ̀dá Múfú, tí wọ́n ń kun mọ́tò. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, òjò ni ọ̀tá wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ bíi tiwọn. Àwọn pẹ́ńtà tó kù ládùúgbò, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Múfú ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó po ọ̀dà. Èmi ni mò ń lọ gba ìwé wọn ní ìparí oṣù.

"Àǹtí Òjò!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí. "Ṣé o ti wá gba ìwé ilé rẹ? Jọ̀ọ́, bá mi máàkì í, kí n mọ̀ bóyá mo yege."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì, màá kó o sínú dúrọ́ọ̀. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, n kò ka ìwé tó ní àbàwọ́n ọ̀dà sí ohun tó lè bá kọ̀ǹpútà dọ́gba. Ó ń tì mí lójú láti kọ ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni gbòǹgbò ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún kẹta mi, àkójọ wa ti pé ọdún márùn-ún. Mo ní kí n wo wákàtí tí òjò ọ̀sán máa ń pọ̀ jù lórí Yaba, Surulere àti Muṣin. Mo yọ omi garawá bó ṣe yẹ, mo tún aago ṣe, mo ya àwòrán. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni òjò máa ń pọ̀ jù. Ní ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ti wá sí aago méjì.

Mo rò ó pé ooru ìlú ló ń mú kí òjò tètè dé, àti pé èmi, ọmọ Muṣin, ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìpàdé àwọn olùwádìí kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Yaba, wọ́n sì gbà á. Àǹtí Dókítà wà ní ìrìn àjò nígbà náà. Wọ́n ní kí n dúró de àwọn, kí àwọn kọ́kọ́ kà á kí n tó fi í ránṣẹ́. N kò dúró. Ayọ̀ ni kò jẹ́, tàbí kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹlòmíì má tètè rí i.

Èyí tó burú jù ni pé mo lọ sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Múfú.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ọ̀sán ti ń tètè dé o. Tó bá ti di aago mẹ́ta, ó ti kọjá. Ẹ máa fi iṣẹ́ ọ̀dà sí ẹ̀yìn aago mẹ́ta."

Wọ́n họ orí. "Àǹtí Òjò, ṣé ó dá ẹ lójú? Ojú tèmi níbí ò rí i bẹ́ẹ̀ o."

"Ọdún márùn-ún ni mo kà, sà."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kun mọ́tò obìnrin nọ́ọ̀sì kan ní aago mẹ́ta àbọ̀. Àwọ̀ búlúù tó ń dán ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, òjò dé pẹ̀lú ìjì, ó fẹ́ tapólì kúrò, ó sì lu ọ̀dà tútù náà. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ara mọ́tò ti rí ṣákiṣàki bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Bọ̀ọ̀dá Múfú jókòó lórí táyà. Sàkà, pẹ́ńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tiwọn, ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Múfú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwa náà bí wọ́n ṣe ń fi òjò kun mọ́tò. Ó jọ pé òun ló wà lóde báyìí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Múfú kò tọ́ka sí mi. Wọn ò sọ pé èmi ni mo sọ fún àwọn. Ìyẹn ló fọ́ mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Àǹtí Dókítà dé ní ọjọ́ kẹta. Mo gbé àwòrán mi síwájú wọn, mo sọ ti mọ́tò náà. Mo ti ń sunkún kí n tó parí rẹ̀.

"Má sunkún sórí kíbọ́ọ̀dù mi." Wọ́n nu awò ojú wọn. "Ọjọ́ wo ni òjò yìí kúrò ní aago márùn-ún?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

"Mi ò bi ẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ wo?"

Mo tú àkójọ palẹ̀, mo ń wò ó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago márùn-ún ni. Láti ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, aago méjì ni. Kò sí díẹ̀díẹ̀ kankan níbẹ̀.

Àǹtí Dókítà ní, "Òjò kì í ṣe ayálégbé tó máa kó ẹrù jáde lọ́jọ́ kan. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́rú yẹn?"

Mo wá inú lẹ́tà mi. Mo bá a níbẹ̀: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni módẹ̀lì, pé láti ọjọ́rú yẹn lọ, àwọn yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣírò bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gòkè di òjò padà. Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Oṣù kejì tí mo débi iṣẹ́ ló wọlé, mo kà á, kò yé mi, mo sì fi í sínú àpamọ́ kan tí mo pè ní "Kò Kánjú". Ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣírò òjò ló yí, mo pè é ní òjò ló yí.

Mo fa ìwé Bọ̀ọ̀dá Múfú jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ọdún márùn-ún, ojú ìwé lé ojú ìwé, pẹ̀lú àbàwọ́n ọ̀dà pupa àti dúdú. Aago márùn-ún. Márùn-ún kọjá díẹ̀. Márùn-ún ku díẹ̀. Òjò kò kúrò níbi tó wà. Ìdáhùn wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí orókún mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń yọ̀.

Ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo lè kọ̀wé pé ara mi ò yá, kí n fà sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà tán pàápàá. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ lọ sí Muṣin láti lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá Múfú. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti rin. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, bóyá mo tiẹ̀ ṣàlàyé jù.

Wọ́n ní kí n dìde. "Mọ́tò, mo ti tún un kùn. Ìyẹn ti tán. Ṣùgbọ́n o rí àwọn tó wà níbí yìí, wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní Múfú ò mọ òjò mọ́." Wọ́n nu ọ̀dà ọwọ́ wọn. "Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé wàá sọ fún wọn pé ìwé tèmi ló tọ̀nà?"

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá mi lọ."

Ohun tí ìtàn àkísà mi bí nìyí. Odindi ọdún kan ni mo fi so ìwé ìyípadà mọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè rí irú módẹ̀lì tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ yẹn àti ohun tí wọ́n yí lára rẹ̀. A fi ìwé àwọn tó ń wọn òjò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn. Lónìí, ìwé ìyípadà yẹn ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ ń béèrè. Wọn kì í béèrè orúkọ mi, mo sì ti ronú lórí ìyẹn, kò dùn mí. Nísinsìnyí, ètò kan ti ń kó àsọtẹ́lẹ̀ àti lẹ́tà ìyípadà jọ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ mi fi parí. Mò ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Bí ẹ bá tún bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, màá ní ó ṣeé ṣe, fún ẹni tó bá lè tọ́jú àṣìṣe láìfi nǹkan bò ó, títí kan tirẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Orí mi wú láti jẹ́ ẹni tó jìn sí i.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ọjọ́ ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Múfú wọ bùbá funfun, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Mo dìde, mo sọ fún gbogbo ilé pé àkòrí tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́. Mo fi ìlà méjì hàn wọ́n: ti módẹ̀lì, tó fò sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti ti ìwé Muṣin, tó lọ tààrà fún ọdún márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan ní iwájú béèrè ẹni tó kọ ìwé Muṣin. Mo nawọ́ sẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá Múfú dìde, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì bi wọ́n:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ń mọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀?"

"Mọ́tò tí mo bá ti fi sáńpépà họ, sà, ara ẹ̀ máa ń gbẹ, á funfun bí ẹfun. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bá kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúdú, ẹ ò lè ṣàìrí i. Màá wo fóònù mi. Kí n tó wá aṣọ bò ó, mo ti kọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo ilé sì dara pọ̀. Mo wo Àǹtí Dókítà. Wọn ò nu awò ojú wọn.

A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá padà sí Muṣin. Bọ̀ọ̀dá Múfú ò sọ nǹkan kan fún àwọn pẹ́ńtà, ṣùgbọ́n èmi sọ ọ́. Mo dúró láàárín wọn, mo ní èmi ni mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Múfú pé kí wọ́n kun mọ́tò lẹ́yìn aago mẹ́ta, mo ní mo ṣìnà, mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìwé wọn. Olúkúlùkù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ mi ti já sí asán.

Sàkà ti po ọ̀dà sínú agolo, ó ń fi igi rò ó. Ó wo sánmà, ó mọ́ kedere. Ó tún rò ó díẹ̀.

"Ọ̀gá Múfú," ó ní, kò yíjú, "ṣé kí n fọ́n ọn?"

"Aago mélòó lù?"

"Mẹ́rin ti kọjá."

Bọ̀ọ̀dá Múfú gbójú sókè sí ọ̀nà Ọ̀yìngbò, wọ́n wò ó pẹ́. "Dúró ná."

Sàkà wò mí. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́. Ó tún wo Bọ̀ọ̀dá Múfú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wá ọmọrí, ó dé agolo ọ̀dà rẹ̀.